Òkun Inú Pálọ̀ Bàbá Mi

Kò sí òkun ní Ìlọrà, ṣùgbọ́n bàbá mi ní tirẹ̀ nínú pálọ̀. Ó rí irú rẹ̀, àpótí gíláàsì tí ẹja ń gbé inú rẹ̀, nílé òyìnbó míṣọ́nnárì kan, ó sì ní hẹdimásítà bíi tòun kò gbọdọ̀ gbẹ́yìn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń ṣiṣẹ́ ní èbúté Èkó fi mọ́tò kó omi òkun ránṣẹ́ nínú kẹ́ẹ̀gì, pẹ̀lú ẹja abilà méjì. Kò pẹ́ tí ìdọ̀tí aláwọ̀ ewé fi bo àpótí gíláàsì náà, tó ń yọ̀ bí ilá.

Àbúrò bàbá mi obìnrin ló ń tọ́jú rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ kú, àwọn ará ilé ọkọ lé e jáde, yàrá ẹ̀yìn wa ló kù tó lè forí pamọ́ sí. Bàbá ti sọ ọ́ lójú gbogbo wa pé, "Ọjọ́ tí ẹja mi bá kú, kí o di ẹrù rẹ." Ìyá mi gbọ́, ó ń jẹun lọ. Láàárọ̀ lálẹ́ ni àǹtí mi ń fi agolo bu omi náà sókè, tó ń dà á padà, kí ẹja lè rí afẹ́fẹ́ mí.

Nígbà tó yá, ọ̀rẹ́ Èkó fi ẹranko òkun ránṣẹ́, pé kí bàbá yan èyí tí yóò máa jẹ ìdọ̀tí náà: ìgbín òkun, edé, àti akàn wẹẹrẹ kan tó ń gbé inú ìkarahun ìgbín tó ti kú. Bàbá kó wọn sínú àwo fífẹ̀ kan tòun ti omi wọn, ó ha ìdọ̀tí gíláàsì síwájú wọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ iyán tirẹ̀. Ó ní èyí tí kò bá tíì jẹun kí òun tó ṣan ọwọ́, ó di ti adìẹ.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí wọ́n sinmi. Ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti wá," àǹtí mi wí.

"Ìgbà tí ìwọ dé, ta ló ní kó o sinmi?"

Ó ṣan ọwọ́. Akàn nìkan ló yege. Àwọn ìgbín ti fara pamọ́ sínú ìkarahun wọn. Àǹtí mi náà ni bàbá ní kó fi ọmọ odó fọ́ wọn fún adìẹ.

Ọyẹ́ dé, omi bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Bàbá ní omi kànga lásán kò gbọdọ̀ kan òkun òun. Kí àǹtí mi po iyọ̀ mọ́ ọn, kó máa tọ́ ọ wò títí yóò fi dà bí òkun lẹ́nu. Ẹni tí kò rí òkun rí ni wọ́n ní kó fi ahọ́n wọn òkun. Kò sẹ́ni tó mọ̀ nínú wa pé omi nìkan ló ń lọ, iyọ̀ àkọ́kọ́ kò lọ síbì kankan.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi kan, ẹja méjèèjì léfòó.

"Ta ló da iyọ̀ sí i?" bàbá bi í.

"Èmi ni, ẹ̀gbọ́n."

Kò tilẹ̀ sọ pé, "Ẹ̀yin lẹ ní kí n dà á." Kí a tó ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ó ti wọ mọ́tò lọ sí Ìmínì, sílé ìbátan kan tí kò fẹ́ rí i. Mo kórìíra bàbá mi lọ́jọ́ náà, inú mi kò sì tíì rọ̀ sí i títí dòní. Nígbà tí pásítọ̀ bẹ̀ wá wò, bàbá fi akàn tó ṣẹ́ kù hàn án: "Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ ni mo ń fi sílé." Pásítọ̀ rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó yá, akàn náà kú. Gíláàsì bẹ̀rẹ̀ sí í rùn, bàbá sì ránṣẹ́ sí Ìmínì pé kí àǹtí mi wá fọ̀ ọ́. Ó wá, ó ti rù gan-an. Ó fọ̀ ọ́ títí a fi ń rí ojú wa nínú rẹ̀, ó nu ọwọ́ mọ́ ìró rẹ̀, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n padà sí yàrá ẹ̀yìn?"

Bàbá yẹ gíláàsì náà wò yípo.

"Kí lo fẹ́ máa fọ̀ níbẹ̀?"