Ajá Èmi àti Àbẹ̀kẹ́ ní Etí Odò Alápó

Ní àràárọ̀ Sátidé, bí mo bá ti jókòó sídìí kòkó gbígbóná mi, mo máa ń gbọ́ ṣaworo kan tó ń dún bọ̀ láti ìsàlẹ̀ àdúgbò. Ọrùn ajá àgùnbánirọ̀ tó ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìṣirò ni ṣaworo náà wà. Ọmọbìnrin yìí á wọ bàtà olókùn, á kó omi àti búrẹ́dì sínú àpò ẹ̀yìn, òun àti ajá rẹ̀ á sì forí lé ọ̀nà odò Alápó. Ó di ìrọ̀lẹ́ kí a tó tún rí wọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ rú wa lójú. Ta ní í wọ igbó láìmú àdá, tí kò sì ru igi bọ̀? Ìyá Ráfíù, tí ilé rẹ̀ kọjú sí tèmi, dá a dúró lọ́jọ́ kan.

"Àǹtí tíṣà, kí lẹ lọ mú wá lóko?"

"Kò sí o, mà. Mo kàn rìn ni."

"Ẹ kàn rìn! Ẹsẹ̀ ò dùn yín ni?"

"Ó dùn mí, mà."

Gbogbo àwọn tó wà nítòsí bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín, nítorí ńṣe ni mò ń jowú. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má rò pé owú máa ń tán lára àgbà. Mo ti rin ọ̀nà yẹn rí, èmi náà àti ajá, nígbà tí Alápó ṣì ń jẹ́ odò.

Nígbà náà, bí ẹ bá kúrò lẹ́yìn ilé wa, pápá gbalasa ni: koríko bẹẹrẹ tó ga ju ènìyàn lọ, igi ẹmi, igi igbá, àti àpáta ńlá tó jókòó bí arúgbó tó ń yáàrùn. Oòrùn ibẹ̀ kì í ṣàánú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti dé etí omi, igi á pàdé lókè bí òrùlé, ilẹ̀ á rọ̀, òtútù á sì fẹ́ sí yín lọ́rùn. Ọ̀nà tóóró kan tẹ̀lé omi náà lọ sókè títí dé orísun rẹ̀. Kò le, kò sì rọrùn. Ó ń gba orí òkúta sọdá sọ́tùn-ún, ó tún ń sọdá padà sósì, bí ẹni tí kò mọ ilé tí òun ń lọ.

Bàbá tó bí ìyá mi, ọdẹ ni ní Tẹ̀dé. Òun ló fún mi ní ajá náà, ọmọ ajá pupa tí mo gbé wálé nínú agbọ̀n. Bàbá mi wò ó, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ajá yìí dára. Ṣùgbọ́n kì í wọ ilé tí a ti ń kírun. Wá ẹni tí yóò bá ọ sìn ín." Fífi ẹran sìn kì í ṣe tuntun lọ́dọ̀ wa. Ẹ ó fún ẹnìkan ní abo ewúrẹ́, á máa tọ́jú rẹ̀, bó bá bímọ ẹ ó pín in. Ohun tí a kò rò ni pé akọ ni ajá mi. Kí la fẹ́ pín lára akọ?

Ìyá Àbẹ̀kẹ́ ló gbà á, ní agbo ilé kejì sí tiwa. Àbẹ̀kẹ́ ni ọ̀rẹ́ mi, a jọ ń pọnmi, a jọ ń lọ ilé ìwé. Ìyá rẹ̀ sọ ajá náà ní Ìlaràòpé. Ẹ mọ̀ pé a kì í ṣàdédé sọ ajá lórúkọ. Ọ̀rọ̀ tí a ò lè kojú ẹnìkan sọ, ajá la fi ń sọ ọ́. Orogún rẹ̀ ló ń bá wí. Bí orogún bá ti yọ lẹ́nu ọ̀nà, ẹ ó gbọ́: "Ìlaràòpé! Ìlaràòpé o, wá jẹun!" Ṣùgbọ́n etí orogún yẹn nípọn, òun náà a tiẹ̀ máa bá wọn pè é. Èmi tí wọn kò bá wí ni orúkọ náà ń gún lọ́kàn, nítorí pé Àbẹ̀kẹ́ ni ajá mi fẹ́ràn.

Lásìkò ẹmi, àwa mẹ́ta a máa gbé kóńgò, a ó tẹ̀lé odò lọ ṣa èso. Àbẹ̀kẹ́ á ṣíwájú láìwọ bàtà, á máa fò láti orí òkúta kan dé òmíràn. Ìlaràòpé á tẹ̀lé e. Èmi á máa yọ̀ bọ̀ lẹ́yìn nínú bàtà rọ́bà mi. Ìrù ajá yẹn ni mo mọ̀ jù nínú gbogbo ara rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, mo ṣubú sómi. Àbẹ̀kẹ́ bú sẹ́rìn-ín.

"Ajá mi kì í ṣubú bíi tìẹ o."

"Ajá ta?"

"Ajá ẹni tó ń fún un lọ́kà jẹ."

"Bàbá àgbà ta ló fún wa?"

"Bàbá àgbà tìẹ. Kó wá máa gbé ọkà bọ̀ láti Tẹ̀dé nígbà náà!"

Ìjà náà ò tán títí a fi dé ibi tí omi méjì ti pàdé, tí ọ̀nà pín sí méjì. Níbẹ̀ ni mo ti dá a lábàá. Kí oníkálukú gba ọ̀nà tirẹ̀. Bí ajá bá tẹ̀lé mi, mò ń dá a padà sí Tẹ̀dé. Bó bá tẹ̀lé e, mi ò ní pè é ní tèmi mọ́ láéláé.

"Kò sí súfèé o," ni Àbẹ̀kẹ́ wí.

"Kò sí ìpè," ni mo dáhùn.

Mo gba apá òsì. Mo gbọ́ ṣaworo ọrùn ajá tó ń bá Àbẹ̀kẹ́ lọ, ṣìn-ìn, ṣìn-ìn, títí ó fi kú létí mi. Omijé ń bọ́ lójú mi, ṣùgbọ́n mi ò wẹ̀yìn. Mo ń rìn ṣáá láàárín igi tí mi ò rí rí, mo ń di kóńgò mi mú bí ẹni pé òun nìkan ló kù mí kù. Lójijì, ewé pariwo lẹ́yìn mi. Ìlaràòpé ló yọ, ó tutù rinrin. Mo dì mọ́ ọn. "O rí i! O rí i!" ni mò ń wí, bíi pé òun ni mò ń bá jà. Ó lá mi lójú, ó gbóòórùn kóńgò mi, ó yí padà, ó sì sá lọ. Ó tún dé. Ó tún lọ.

Nígbà tí kò wá mọ́, ẹ̀rù bà mí, mo padà. Mo bá a ní ìpàdé omi, ó nà sínú odò, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Àbẹ̀kẹ́ dúró tì í, ojú òun náà pọ́n.

"Wàá pa ajá alájá," ló wí.

"Ìgbà mélòó ló wá bá ọ?"

"Mi ò kà á."

"Irọ́ ni. O kà á!"

"Mélòó ló wá bá ìwọ?"

Mo kà tèmi, ṣùgbọ́n bí mo bá sọ ọ́, tí tirẹ̀ sì pọ̀ jù ú lọ ńkọ́?

Kò pẹ́ sígbà náà ni ìyá rẹ̀ kó ẹrù, ó padà sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Ṣábẹ̀, ní òdì kejì ibodè. Awakọ̀ ní òun ò kó ajá. Àbẹ̀kẹ́ fi okùn ọrùn ajá náà lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Gbà, tìẹ ni," ó sì wọ ọkọ̀. Mi ò rí i mọ́ títí di òní. Bàbá mi gbà kí ajá máa sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ewúrẹ́. Tèmi nìkan ni ó wá dà. Ní àràárọ̀, á lọ dùbúlẹ̀ sétí títì tí ọkọ̀ náà gbà lọ, á kọjú sí ibodè. Mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo máa ń bínú sí ẹni tí kò sí níbẹ̀. Lóde òní, àwọn asunèédú ti gé igi tó ṣíji bo Alápó. Òkúta ti pọ̀ ju omi lọ nínú rẹ̀. Síbẹ̀ ìbínú náà ṣì wà.

Sátidé tó kọjá, ọmọ àgùnbánirọ̀ náà dúró lẹ́nu ọ̀nà mi. "Mà, ẹ jẹ́ ká jọ lọ." Mo ní orókún mi ò gbà. Ó ní a ó rọra máa rìn. Mo lọ wá bàtà mi.

Òun àti ajá rẹ̀ ló ṣíwájú, ọ̀nà sì wọ́ kọ́rọkọ̀rọ bó ṣe máa ń wọ́ tẹ́lẹ̀. Ìrù ajá wọ kọ̀rọ̀ kan, ṣaworo náà jìnnà. Mo dúró, mo fọwọ́ ti igi kan. Lẹ́yìn náà, ṣìn-ìn, ṣìn-ìn, ajá náà yọ lójú kọ̀rọ̀, ó sáré wá, ó fimú kan ọwọ́ mi, ó wò mí lójú, ó sì tún sá lọ bá olúwa rẹ̀. Mo rántí nígbà náà pé Ìlaràòpé kò ṣàìpadà wálé ní ìrọ̀lẹ́ kankan láti etí títì yẹn. Lílọ rẹ̀ nìkan ni mò ń wò.

Nígbà tí a délé, Ìyá Ráfíù jókòó sójúde, ó ń dúró dè wá.

"Ẹ wá ń dá rìn lẹ́yìn bí àgbàlagbà tó sọnù? Ajá yẹn ò fi yín sílẹ̀?"

"Ó ń padà wá wò mí."

"Ìgbà mélòó?"

"Mi ò kà á," ni mo wí.