Sáárì Ìyá Mínà

Òórùn káńfọ̀ ni mo fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́ nínú ilé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ìyá Mínà tó ń gbé lókè pẹtẹ́ẹ̀sì á ti ṣí àpótí aṣọ rẹ̀, òórùn náà á sì rọra sọ̀ kalẹ̀ bá wa nídìí kànga. Lọ́jọ́ tó bá fọ aṣọ, á fi sáárì rẹ̀ kọ́ irin ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè, etí rẹ̀ á wálẹ̀ títí dé ibi tí mo ti ń fọ abọ́. Màá lọ dúró sábẹ́ rẹ̀ kí omi rẹ̀ lè máa kán sí mi lórí, inú mi á sì máa dùn bíi ti ọmọ tí òjò àkọ́rọ̀ ń pa.

Ará Íńdíà ni òun àti ọkọ rẹ̀, olùkọ́ sì ni àwọn méjèèjì níléèwé girama. Mínà, ọmọ wọn, fi díẹ̀ jù mí lọ. Bí Ìyá Mínà bá ń lọ síléèwé láàárọ̀, àwọn obìnrin àdúgbò á dáwọ́ iṣẹ́ dúró láti wò ó. Sáárì rẹ̀, aṣọ gbọọrọ kan ṣoṣo tí kò fojú kan ẹ̀rọ ìránṣọ rí, ló ṣẹ́ po níwájú, tó gbé ìyókù rẹ̀ kọ́ èjìká, tó sì ń bá a rìn nínú ẹrẹ̀ láìtàbààwọ́n. Màámi ń ta aṣọ lọ́jà, kì í sì í yin èèyàn lásán, àmọ́ ó ní, "Obìnrin yìí mọ aṣọ." Ọ̀rọ̀ aṣọ ló sọ wọ́n dọ̀rẹ́. Yorùbá Ìyá Mínà kò tó nǹkan, òyìnbó Màámi kò sì kọjá "kọ́ọ̀mù" àti "gúùdù", síbẹ̀ wọ́n á jókòó sórí àtẹ̀gùn, wọ́n á máa fọwọ́ pa aṣọ wò, wọ́n á sì máa rẹ́rìn-ín.

Ní tèmi, ohun kan ṣoṣo ni mò ń fẹ́ láyé: kí n ró sáárì. Mo fi aṣọ ìbora Màámi dán an wò títí, ńṣe ló ń já bọ́ lára mi. Ìyá Mínà ká mi mọ́ ọn lọ́jọ́ kan, ó sì ṣèlérí pé bí mo bá ti ga tó Mínà, òun á ró o fún mi.

N kò tíì ga tó o tí iṣẹ́ wọn níbí fi parí, tí wọ́n sì ń padà sílé. Nígbà tí ìrìnàjò wọn kù díẹ̀, Ìyá Mínà gbé ọ̀kan nínú sáárì ìgbéyàwó rẹ̀ wá fún Màámi. Ṣẹ́dà pupa ni, òwú aláwọ̀ wúrà ni wọ́n fi ṣe ìgbátí rẹ̀. Mo bá Màámi gbé e wọ yàrá, mo sì ti ń rí ara mi nínú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, mo bá a lórí tábìlì Bọ̀ọ̀dá Múfú, télọ̀ wa. Wọ́n ti gé e sí ìró, bùbá àti gèlè. Ẹkún tí mo sun lọ́jọ́ náà, télọ̀ pàápàá pa ẹ̀rọ rẹ̀. Màámi ní, "Aṣọ tí wọ́n fún ni tí a kò rán, bí ẹni pé a kò gbà á ni." Ẹ̀mí ìmoore ló fi ṣe é. Ṣùgbọ́n Mínà ti sọ fún mi pé nílé àwọn, wọn kì í gé irú sáárì bẹ́ẹ̀, odidi ni ìyá fi ń fún ọmọ. Ẹ̀rù bà mí pé ọjọ́ ìdágbére ni ọ̀rẹ́ àwọn méjèèjì máa tú ká, n kò sì ní ẹnu tí mo lè fi sọ ọ́.

Nígbà tí ọjọ́ pé, Màámi wọ gbogbo rẹ̀, ó gòkè, èmi náà sì tẹ̀ lé e. Ìyá Mínà ṣílẹ̀kùn. Ó wo Màámi látòkè délẹ̀. Ó fọwọ́ kan ìgbátí wúrà ní etí ọwọ́ bùbá náà, ó sì fọwọ́ tọ ojú ibi tí wọ́n ti gé e. Ẹ̀rín ẹnu Màámi bẹ̀rẹ̀ sí í pòórá, ó sì rọra bi mí léèrè ohun tí òun ṣe. Mo sọ ọ́ fún un níbẹ̀. Màámi káwọ́ lérí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀, ojú sì ń tì mí nítorí tirẹ̀.

Ìyá Mínà fa àga kan, ó jókòó sórí rẹ̀, ó sì nawọ́ sí gèlè náà. Ó ní, "Ẹ wé e fún mi."

Màámi tú u kúrò lórí ara rẹ̀, ó ṣẹ́ ẹ po, ó sì wé e fún un bí ẹni wé e fún ìyàwó tuntun. Ìyá Mínà wo dígí, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Aṣọ yìí ti ní ilé méjì báyìí."

Gèlè náà ló wé tó fi wọ mọ́tò lọ.

Èmi náà ń ta aṣọ lónìí, mo sì ń rán an. Àwọn ọmọ yunifásítì láti Ìjagun máa ń gbé fóònù wá, wọ́n á fi àwòrán sáárì hàn mí: ẹni kan fẹ́ kí n rán síìpù mọ́ ọn, ẹlòmíràn fẹ́ kí n fi ańkárá ṣe é. Àwọn àgbà kan ń kùn pé kí ló kan Ìjẹ̀bú kan Íńdíà. Mo máa ń fi ẹ̀rín dá wọn lóhùn. Lórí fóònù ni èmi náà ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ró o, lẹ́yìn tí mo ti ga ju Mínà lọ tipẹ́.

Lóṣù tó kọjá, ọmọ mi obìnrin gbé odidi sáárì kan wá, ó ní kí n fi rán aṣọ tí òun máa wọ̀ níbi nìkáà, ìgbéyàwó òun. Ọwọ́ mi kọ́kọ́ wúwo. Mo rántí ọmọ kékeré tó sunkún ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀, tó rò pé aṣọ tí wọ́n bá ti gé ti parí nìyẹn. Kò jẹ̀bi, ohun tójú rẹ̀ rí ló ń sunkún lé lórí. Bó bá wọlé tọ̀ mí wá báyìí, n kò ní ní kó dákẹ́. Màá jẹ́ kó sunkún rẹ̀ tẹ́rùn, màá wá ní kó bá mi di etí aṣọ mú kí n lè gé e tọ́.