Aṣọ Tó Ń Bo Igi Inú Mọ́tò

Àjàní Òpó, ọmọ Òpómúléró, Mọjà-Àlekàn, ọmọ òpó tó dúró tí ilé ò fi wó, ọkọ mi, ló lọ. Orúkọ tí mo fi ń kí i láràárọ̀ nìyẹn. Mo mọ orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ gan-an, bí mo ṣe mọ orúkọ gbogbo ẹni tó jókòó nínú mọ́tò rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ìyàwó kì í pe orúkọ ọkọ, n ò sì ní bẹ̀rẹ̀ nísinsìnyí.

Dírẹ́bà ìjọba ni, ní Àbújá níbí, títí ó fi fẹ̀yìn tì. Mọ́tò tirẹ̀ tó fi sílẹ̀ ti gbó, ṣùgbọ́n igi gidi ló wà nínú rẹ̀, lábẹ́ gíláàsì iwájú àti lára àwọn ilẹ̀kùn. Ìlà inú igi yẹn ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí omi odò, wọ́n sì fi fáníìṣì bò ó, ó ń dán. Bó bá ti gbé mọ́tò dúró síwájú ilé wa ní Life Camp, yóò mú ògbólógbòó ìró mi kan, yóò tẹ́ ẹ bo igi náà.

Mo máa ń bi í pé, “Àjàní, ṣé òtútù ń mú mọ́tò yín ni?”

“Oòrùn Àbújá ni. Á jẹ́ kí igi yẹn sán.”

“Ẹ wá lo aṣọ tí ọmọ yín rà fún mọ́tò náà.”

“Aṣọ ìyàwó ilé ló yẹ ẹ́.”

Kò jẹ́ sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn ń rú mi lójú lọ́dọọdún. Kí ló wà lára ìró mi tí kò sí lára aṣọ mìíràn?

Inú ọyẹ́ ló kú. Èmi ni mo lọ yọ ìró náà kúrò nínú mọ́tò, torí òórùn ọwọ́ rẹ̀ wà lára rẹ̀, mo sì gbé e sábẹ́ ìrọ̀rí mi. Nígbà tí ìsìnkú ku díẹ̀, a ṣí mọ́tò. Igi ti funfun táútáú bí ojúgun ọmọ tí wọn ò fi nǹkan pa lára. Kí ni à ń fi pa ojúgun lọ́yẹ̀ẹ́? Òrí ni. Mo bu òrí, mo fi kun igi náà dáadáa, mo ṣí fèrèsé mọ́tò sílẹ̀ kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i. Nígbà tílẹ̀ mọ́, gbogbo eruku Life Camp ló ti lẹ̀ mọ́ ọn.

Àkọ́bí wa obìnrin pariwo. “Màámi! Ẹ fi òrí pa mọ́tò lára!” Ó ní òun mọ ẹnì kan tó máa lẹ rọ́bà tó ní àwòrán igi mọ́ ọn lójú. “Kò sẹ́ni tó máa mọ̀, Màámi.”

“Èmi á mọ̀.”

Mọ́tò yẹn ló máa gbé mi tẹ̀lé òkú dé Bwari, níbi tí a ó sin ín sí. N ò fẹ́ jókòó ti àwòrán igi tí ọwọ́ Àjàní ò kàn rí.

Ọjọ́ náà gan-an ni àbúrò rẹ̀ obìnrin dé láti ilé. Mo jù ú lọ, ṣùgbọ́n inú ilé ni mo bá a, nítorí náà Eyínfúnjowó ni mò ń pè é. Ó yọjú wo inú mọ́tò.

“Ìyàwó wa, àkàrà lo fẹ́ dín níbí ni?”

Mo rẹ́rìn-ín. Mi ò tíì rẹ́rìn-ín rí látìgbà tí Àjàní ti kú.

“Kí ni ẹ̀gbọ́n mi fi ń nù ún?”

Mo di ojú, mo sì rí i: omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, ọṣẹ díẹ̀, aṣọ tó fún títí tí omi ò fi kán lára rẹ̀ mọ́, aṣọ gbígbẹ á sì tẹ̀ lé e kíákíá. Mi ò rí òróró lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Bẹ́ẹ̀ la ṣe é. Mo we òwú mọ́ ẹyọ ìgbálẹ̀ láti yọ òrí inú ibi tó sán. Díẹ̀díẹ̀, odò inú igi ń padà bọ̀. Ibì kan lára ilẹ̀kùn ò tán, a fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Bó ti ń nù ún ló ń ki ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó débì kan, ó ní, “Òpó tí a dáṣọ fún, tó dá ilé padà fún wa.”

“Ẹ jọ̀ọ́, Eyínfúnjowó, aṣọ wo nìyẹn?”

“O ò mọ̀? Lágbo ilé wa, bí nǹkan ńlá bá fẹ́ ṣẹlẹ̀, a máa ń ró aṣọ fún òpó. Kì í ṣe aṣọ tuntun o. Aṣọ tó ti bá ara ìyàwó ilé gbé ni.”

“Ṣé ó sọ fún yín pé ìró mi ló fi ń bo igi yìí?”

“Kò sọ.” Ó fọwọ́ pa igi náà. “Ṣùgbọ́n ọmọ Òpó ni.”

Mo wọlé lọ gbé ìró náà lábẹ́ ìrọ̀rí. Èmi ni mo tẹ́ ẹ bo igi náà fúnra mi.

Ọjọ́ Sátidé la sin ín, lẹ́yìn ilé tó kọ́ sí Bwari.