Ẹni Tó Di Àkàbà Mú

Títí di òní, bí mo bá gbọ́ òórùn ọ̀dà gbígbóná, orúnkún ọ̀tún mi ló máa ń kọ́kọ́ rántí. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tẹ́ ẹ dàgbà ní Kemta ò ní gbàgbé: bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti ń parí lọ, agboolé kọ̀ọ̀kan a máa yọ́ ọ̀dà nínú agolo, wọn a fi dí ihò ara páànù kí òjò tó dé. Láàárọ̀ Sátidé kan, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ẹ̀kọ́ girama, èéfín ọ̀dà gba gbogbo àgbàlá wa, ó dúdú bí inú àwọn kan tí mo fẹ́ dárúkọ.

Bùọ̀dá Káyọ̀dé ni àbúrò bàbá mi. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ni, kò sì sí ohun tí kò lè ṣàlàyé. Owódé ni bàbá mi ti ń ṣe tíṣà, ìparí oṣù nìkan ló ń wálé, nítorí náà Bùọ̀dá ni ọkùnrin ilé. Òjò àkọ́rọ̀ ti jò sórí àga bàbá mi ní pálọ̀. Bùọ̀dá gbé àkàbà ti ògiri, ó sì fún wa ní ẹ̀kọ́. Ẹsẹ̀ àkàbà kò gbọdọ̀ sún mọ́ ògiri jù, kò sì gbọdọ̀ jìnnà jù. Ẹni tó ń gùn ún gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ kan di nǹkan mú. Níwọ̀n bó sì ti jẹ́ pé orí àpáta ni a kọ́ ilé wa lé, tí ẹsẹ̀ àkàbà kò ríbi rì sí, ẹnìkan gbọ́dọ̀ dúró nísàlẹ̀ kó dì í mú. Ẹ̀kọ́ náà pé, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Bàbá mi fúnra rẹ̀ a máa sọ pé, "Ẹni tó di àkàbà mú, ẹ̀mí èèyàn ló dì mú."

Nígbà tó wá kan gígùn, Bùọ̀dá wo òkè, ó wo ara rẹ̀ tó gbẹ bí ìgbálẹ̀, ó ní, "Páànù yìí ò lè gbé mi. Ìwọ lo fúyẹ́. Gùn ún, mo ti dì í mú."

Mo gbà á gbọ́, mo gun òkè.

Mo ti ń kun ihò kejì nígbà tí bàbá Àdùkẹ́ wọlé láti Òwu. Gbogbo ilé ló mọ̀ pé Àdùkẹ́ ni Bùọ̀dá fẹ́ fẹ́, tí bàbá rẹ̀ kò sì tíì dáhùn. "Ẹ kú iṣẹ́ níbẹ̀ o!" ni bàbá náà wí. Màmá mi máa ń sọ pé ìkíni kì í pa ni. Bùọ̀dá fi ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀, ó na gbalaja lórí àpáta, àyà rẹ̀ kanlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ sà!"

"Ọmọ tí a kọ́ tó gbẹ̀kọ́! O ò ní rí ìdààmú."

"Àmín sà!"

"Bùọ̀dá! Àkàbà ń yọ̀ o!" ni mo ké.

Kò gbórí sókè. "Dákẹ́! Àgbà ń wúre."

"O ò ní ṣubú láyé," ni bàbá Àdùkẹ́ ń bá a lọ.

"Àmín sà!"

Àkàbà kò dúró gbọ́ àmín kẹta. Nígbà tí mo balẹ̀, bàbá náà bèèrè pé, "Ta ló tún já bọ́ yẹn?"

Egungun orúnkún ọ̀tún mi ṣẹ́; ó jiná, ṣùgbọ́n orúnkún náà kò ká mọ́. Nígbà tí ẹbí péjọ, kò sẹ́ni tó bèèrè ibi tí ọwọ́ Bùọ̀dá wà. Ohun tí wọ́n bèèrè ni pé, "Kí ni ọmọbìnrin ń wá lórí àkàbà?" Bàbá mi la àkàbà náà sí wẹ́wẹ́, ó fi dáná, bí ẹni pé òun ló dọ̀bálẹ̀. Bùọ̀dá gba Àdùkẹ́. Níbi ìgbéyàwó, wọ́n ròyìn ìdọ̀bálẹ̀ náà, gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́. Èmi jókòó níwájú, mo na ẹsẹ̀ gbọọrọ. Láti ìgbà náà, níbikíbi tí ọmọbìnrin bá ti ń kúnlẹ̀ kí àgbà, èmi nìkan ló máa ń dúró. Bùọ̀dá ló kọ́kọ́ pè mí ní agbéraga.

Lóṣù tó kọjá, ọmọ kan wá tún iná ṣe nílé mi. Ó gun àkàbà, mo fi ọ̀pá mi há abíyá, mo di ẹsẹ̀ àkàbà mú. Bùọ̀dá wọlé, ó ti di bàbá ìjọ, irun rẹ̀ funfun báláú. Mo ní, "Ẹ káàbọ̀ sà," mi ò yíjú. Ó dúró, ó ń retí.

"Títí di òní o ò lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Ṣé báyìí la ṣe ń kí àgbà?"

Ọmọ náà sọ látòkè pé, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ n sọ̀ kalẹ̀ ná, kẹ́ ẹ ráyè kí bàbá."

"Máa ṣiṣẹ́ ẹ, ọmọ mi. Mo dì í mú."

Ọ̀rọ̀ yẹn náà ni mo gbà gbọ́ ní kékeré. Lọ́jọ́ yìí, èmi ni mo sọ ọ́, mo sì jẹ́ kí Bùọ̀dá dúró síbẹ̀ títí ọmọ ọlọ́mọ fi fẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀. Ìgbà náà ni mo yíjú, mo kí i lórí ìdúró. Orúnkún tí Bùọ̀dá ń retí, òun fúnra rẹ̀ ló mọ ibi tó fi í sí.