Alàgbà Tó Kọ Iṣu, Tó sì Gbàdúrà

Josiah Fọlọ́runṣọ́ kò gbin igi kókó kan rí. Ilẹ̀ ló ní. Kò rà á, kò sì ṣán an. Bàbá rẹ̀ kú, ilẹ̀ kò kú, bó ṣe di onílẹ̀ nìyẹn.

Abà Fọlọ́runṣọ́ wà lápá Lágelú, ìrìn wákàtí kan sí Ìyànà Ọ̀fà bí èèyàn kò bá ru ẹrù. Ọdún 1955 ni Josiah ti Góòlù Kóòsì dé. Ọkùnrin mẹ́fà ló bá lórí ilẹ̀ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀. Bàbá náà ló fún wọn ní àyè, wọ́n sì ti gbin kókó tó ti ń so. Lọ́dọọdún, bí ọyẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹnì kọ̀ọ̀kan á gbé iṣu mẹ́wàá wá fún onílẹ̀. Ìṣákọ́lẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó gbé e wá ń sọ pé, "Mo mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ ni ilẹ̀." Ẹni tó gbà á ń sọ pé, "Mo mọ̀ pé ìwọ lo wà lórí rẹ̀." Ẹni tó bá ń san án, tí kò sì sọ pé òun ló ni ilẹ̀, kò sẹ́ni tó lè lé e kúrò nídìí kókó rẹ̀. Bí àwọn bàbá wa ti ń ṣe é nìyẹn, kóòtù náà sì fara mọ́ ọn.

Josiah kò fẹ́ràn rẹ̀. Ó ní ní Góòlù Kóòsì, ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n ń pín kókó sí, onílẹ̀ á sì mú tirẹ̀ lórí ìjókòó. Jùbrílù, tó dàgbà jù nínú àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, gbọ́ ọ títí dé òpin.

Ó ní, "Alàgbà, ṣé Góòlù Kóòsì náà ni wọ́n bí bàbá yín sí ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbé iṣu mẹ́wàá mẹ́wàá sílẹ̀, wọ́n bá tiwọn lọ.

Láti ọjọ́ náà ni Josiah ti ń wọn iṣu. Apá rẹ̀ ló fi ń wọ̀n ọ́n. Iṣu tí kò bá gùn láti ìgúnpá rẹ̀ dé orí ìka, ọmọ iṣu ló ń pè é, ẹni tó gbé e wá á sì lọ mú òmíràn. Ọlọ́run sì fún un ní apá gígùn.

Ohun kan wà tó mọ̀ ọ́n ṣe. Alàgbà ni ní ìjọ Aládùúrà, kò sì sẹ́ni tó lè gbàdúrà tó o ní gbogbo àgbègbè wa. Obìnrin kan gbé ẹ̀wà kaná nígbà tí Josiah bẹ̀rẹ̀ àdúrà ìkómọ kan. Ẹ̀wà jinná, Josiah kò tíì kan ìyá àgbà ọmọ náà. Ó gbàdúrà fún mọ́tò tó kú sójú ọ̀nà. Mọ́tò náà kò jí, ṣùgbọ́n dẹ́rẹ́bà ní òun kò gbọ́ irú àdúrà bẹ́ẹ̀ rí. Bí a bá ṣe ìkómọ tí a kò pè é, ọjọ́ mẹ́ta ni ara rẹ̀ kì í fi í yá.

Kókó Ọlọ́runyọmí, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ló dára jù níbẹ̀. Etí odò ló wà. Ọlọ́runyọmí kú ní 1958, Dorothy ìyàwó rẹ̀ sì ń bá oko náà lọ. Kókó náà ló ń jẹ, òun ló fi ń rán Olúfúnmi, ọmọ rẹ̀, níléèwé. Kò ní nǹkan mìíràn. Josiah bẹ̀rẹ̀ sí í gba etí odò kọjá lójoojúmọ́. Ó rò ó títí. Kò lè lé ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n bí iṣu obìnrin náà kò bá wọlé fún ọdún mẹ́ta ńkọ́?

Nígbà ọyẹ́ 1959, Dorothy ru iṣu mẹ́wàá wá. Ó kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ kú ọdún. Ìṣákọ́lẹ̀ yín rèé."

Josiah na apá. "Ìyá Olúfúnmi, ọmọ iṣu nìwọ̀nyí. Gbé wọn padà."

"Ẹyọ kan ṣoṣo ló kúrú níbẹ̀, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n lọ mú òmíràn."

"Mo ní kí o gbé gbogbo rẹ̀ padà."

Dorothy kò dìde. Èèyàn mẹ́rin ló jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Obìnrin wà lórí ìkúnlẹ̀, ibi gbogbo sì dákẹ́. Josiah kò lè fara da irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó di ojú.

"Ilẹ̀ á gbè ọ́. Odò kò ní ya wọ oko rẹ. Ọmọ rẹ á jẹ nínú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ. Àṣèyíṣàmọ́dún o!"

"Àmín," ni àwọn mẹ́rin náà wí. Dorothy ru iṣu rẹ̀ padà sílé.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní 1960. Bẹ́ẹ̀ ló rí ní 1961, àfi pé àdúrà ti ọdún yẹn gùn jù, nítorí àlejò wà níbẹ̀.

Ní 1962, Josiah pe Dorothy lẹ́jọ́ ní kóòtù ìbílẹ̀. Ó ní ọdún mẹ́ta gbáko ni kò ti san ìṣákọ́lẹ̀, kí kóòtù gba oko náà fún òun. Mọ́kànlá nínú ọmọ ìjọ rẹ̀ ló tẹ̀ lé e wá.

Dorothy ní òun gbé iṣu wá, wọ́n kọ̀ ọ́ ni.

Josiah ní, "Olúwa mi, n kò jẹ iṣu rẹ̀. Ẹ wo ẹnu mi."

Adájọ́, àgbàlagbà kan tó ń gbin kókó, ní, "Ẹ pa ẹnu yín dé. Lọ́jọ́ tó gbé e wá, kí lẹ ṣe?"

"Mo ní kó gbé e padà."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Mo gbàdúrà fún un. N kì í ṣe ìkà."

"Àdúrà wo?"

Irú ìbéèrè yẹn, a kì í bi Josiah. Ó dìde, ó di ojú, ó sì bẹ̀rẹ̀. Akódà kóòtù ṣí fìlà. Múyì akọ̀wé ń kọ ọ́ títí ọwọ́ fi ń ro ó. Nígbà tó dé "àṣèyíṣàmọ́dún," àwọn mọ́kànlá ṣe àmín. Adájọ́ gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹ dúró ńbẹ̀. Ẹ ní bó ti ṣe èyí, kó ṣe tàmọ́dún. 'Èyí' wo ló ṣe?"

Josiah la ojú. "Ẹnu ni wọ́n fi ń sọ ọ́, Olúwa mi."

"Ẹnu lásán?"

"Gbogbo ayé ló ń sọ ọ́."

"Múyì, kọ ọ́ sílẹ̀. Alàgbà Josiah ní ẹnu lásán lòun fi ń gbàdúrà."

Ìjókòó àwọn mọ́kànlá dún. Obìnrin kan nínú wọn, tí Josiah gbàdúrà sórí ọmọ rẹ̀ lóṣù tó kọjá, na ọrùn wò ó.

"Má kọ ọ́!" ni Josiah ké.

"Kí ni kó kọ?"

"Kó kọ pé ó ti ọkàn mi wá."

"Lọ́dún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?"

Josiah wo Dorothy. Ó wo ìjọ rẹ̀. "Lọ́dún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta," ló wí.

Adájọ́ ní, "A kì í bẹ Ọlọ́run pé kí ẹni tí kò ṣe nǹkan tún un ṣe. Ẹ kọ iṣu, ẹ gba àdúrà. Lójú kóòtù yìí, ẹ ti gba ìṣákọ́lẹ̀. Dorothy ló ni kókó rẹ̀, òun àti ọmọ rẹ̀. Nígbà ọyẹ́ tó ń bọ̀, á gbé iṣu mẹ́wàá wá. Ẹ má fi apá wọ̀n ọ́n mọ́."

Josiah jókòó. Dorothy kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, ojú rẹ̀ kò sì rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, ẹ ṣeun. Àdúrà yín gbà."

"Ògo fún Ọlọ́run!" ni àwọn mọ́kànlá wí.

Josiah mú àkẹtẹ̀ rẹ̀, ó dìde, ó sì jáde.