Ọwọ́ Ọ̀tún Bàbá Ògúnníyì

Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ní Èrìjìyàn nípa ọjọ́ tí olóògbé Bàbá Ògúnníyì gbá kọ̀ǹpútà létí láìgbé ọwọ́ sókè.

Àrùn rọpárọsẹ̀ ló mú apá ọ̀tún bàbá. Òsì náà ń gbọ̀n, kò lè tẹ fóònù. Ọkàn Yéwándé ọmọ rẹ̀ kì í balẹ̀ tó bá lọ síbi iṣẹ́ tíṣà l'Árámọkọ, òun ló sì bẹ àwọn oníwádìí kan láti yunifásítì wá. Wọ́n gbé ìgbànú kékeré kan dání, apá ni wọ́n ń dè é mọ́. Bí iṣan bá ta, ọfà ojú kọ̀ǹpútà á rìn, èèyàn á sì fi kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́. Ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Bí kò bá ṣiṣẹ́ lára bàbá lọ́jọ́ náà, ẹlòmíràn ni wọ́n á gbé e fún.

Olúbùnmi, ọ̀gá wọn, kúnlẹ̀, ó fẹ́ dè é mọ́ apá òsì. Bàbá ká apá kò.

"Ṣé ọwọ́ òsì ni n ó fi máa kí àwọn àna mi? Òun ni n ó fi júwe ulé bàbá mi? Ọ̀tún ni kí ẹ dè é mọ́!"

"Bàbá, ọ̀tún ò..."

"Ọ̀tún kí ni? Ta ló ní ó ti kú? Ṣé o bá wa sin ín ni?"

Yéwándé bẹ̀bẹ̀ títí, inú sì bí òun náà. Wọ́n bá dè é mọ́ ọ̀tún. Bàbá gbìyànjú títí ó fi làágùn, ọfà ò mira. Olúbùnmi ti ń ká wáyà nígbà tí Ládélé, àbúrò bàbá, dá sí i láti ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fiyè dénú. Ọwọ́ yẹn ò wúlò ju igi ìdáná lọ."

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ burúkú! Bàbá fẹ́ fọ́ ọ létí. Ọwọ́ ò kúrò lórí itan, ṣùgbọ́n ọfà fò láti igun kan dé ìkejì.

"Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún bínú!" ni Olúbùnmi pariwo.

Báyìí ni Ládélé ríṣẹ́. Àràárọ̀ ló ń wá bú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kí ẹ̀rọ lè ṣiṣẹ́. "Ọ̀lẹ ni yín! Ebè yín ò tó ti ọmọdé!" Àwọn aládùúgbò tí kò mọ ìdí ọ̀rọ̀ fẹjọ́ sun pásítọ̀. Pásítọ̀ wá bá Ládélé wí, ni bàbá bá gbaná jẹ: "Pásítọ̀, ẹ má ba uṣẹ́ mi jẹ́ o!"

Nígbà tó yá, bàbá ò nílò èébú mọ́. Yéwándé á wà ní kíláàsì, àtẹ̀jíṣẹ́ á wọlé: "Iyọ̀ ọbẹ̀ yìí pọ̀ jù. Ta ló kọ́ ọ?" Inú á bí Yéwándé gidi, torí bàbá fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ.

Bàbá kú lọ́dún tó kọjá. Yéwándé tẹ̀lé Olúbùnmi gbé ẹ̀rọ náà lọ sí Ìlogbò, fún Màmá Àjọkẹ́ tí àrùn kan náà mú. Wọ́n dè é mọ́ ọn lápá, ọfà ò mira. Wọ́n ní kí màmá bínú díẹ̀.

"Ẹni tó wá ṣe mí lóore ni n ó bínú sí?"

Yéwándé bá jókòó tì í, ó ń ròyìn bàbá rẹ̀ fún un, àti ìjà, àti èébú, àti ọ̀rọ̀ pásítọ̀. Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Olúbùnmi ti ń nawọ́ sí kọ̀ǹpútà: ọfà ń sáré kiri.

Yéwándé fẹ́ máa sọ ọ́ lọ, ṣùgbọ́n àárò bàbá rẹ̀ sọ ọ́, ẹkún sì gbà á lẹ́nu.

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi," ni màmá wí. "Sọ ìyókù fún mi."