Ó Dọ̀bálẹ̀, Kò Ka Fọ́ọ̀mù Mi

Inú ṣì ń bí mi. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ èyí kí n tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ọjọ́ ti pẹ́, pé ìyá àgbà ti gbàgbé. Mi ò gbàgbé. Ọ̀rọ̀ náà há sí mi lọ́fun bí egungun ẹja. Mo ti fi òkèlè tì í, mo ti fi omi tì í, síbẹ̀ bí mo bá ti gbé itọ́ mì, màá gbọ́ ọ níbẹ̀.

Ìparí àwọn ọdún 1980 ni. Tíṣà ni mí ní Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà náà, báyọ́lọ́jì ni mò ń kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan tí kò jìnnà sí Takie. Ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ ló wà lọ́wọ́ mi, kì í ṣe dìgírì. Kò sì sẹ́ni tó bi mí léèrè dìgírì rí, àfi ìgbà tí wọ́n gbé ètò ẹ̀kọ́ tuntun dé, tí wọ́n pín ilé-ẹ̀kọ́ girama sí kíláàsì kékeré mẹ́ta àti kíláàsì àgbà mẹ́ta. Ni ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ wa bá pè mí sí ọ́fíìsì. Ó ní àṣẹ ti wá láti òkè, pé tíṣà tí kò bá ní dìgírì kò ní í lè wọ kíláàsì àgbà mọ́. Ó ní wọ́n fún wa ní ọdún mẹ́rin, kí kálukú lọ wá tiẹ̀ ṣe.

Ọ̀yọ́ ni mo gbà lọ. Ilé-ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti ń fún àwa tíṣà ní ẹ̀kọ́ dìgírì nígbà ìsinmi gígùn. Bí àwọn ọmọ wa bá ti gba ìsinmi, àwa náà á wọ mọ́tò, a ó di ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Baálé mi, tó ń ta páànù ìkọ́lé ní Takie, á máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ bí mo bá ń di ẹrù.

"Akẹ́kọ̀ọ́ mi, ṣé o ti fi rúlà sínú báàgì?"

"Mo ti fi sí i."

"Tí wọ́n bá nà ọ́, má sunkún o. Wá fẹjọ́ sùn mí."

Mo máa ń rẹ́rìn-ín. Ọkàn mi balẹ̀, torí pé mo ti ṣe ètò.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ ò lè mọ bí ètò náà ṣe rí. Ìwé ìlànà kan ṣoṣo ló wà fún gbogbo wa. Wọ́n fi okùn so ó mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì bí ẹni so ewúrẹ́, orí ìdúró lèèyàn ti ń dà á kọ. Ìwé yìí ló ní gbogbo kọ́ọ̀sì tí èèyàn gbọ́dọ̀ ṣe kó tó gba dìgírì báyọ́lọ́jì: èyí tó pọndandan, èyí tí èèyàn lè fọwọ́ ara rẹ̀ yàn, èyí tó jẹ́ pé òun ló ń ṣílẹ̀kùn fún òmíràn. Wọn kì í sì í kọ́ni ní gbogbo rẹ̀ lọ́dọọdún. Òmíràn wà tó jẹ́ ọdún kan bẹ́ẹ̀ ni, ọdún kan bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí èèyàn bá fi í sílẹ̀ lọ́dún yìí, yóò fọwọ́ lẹ́rán dúró dè é.

Ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà àtijọ́ kan ni mo ti ṣe tèmi. Mo fi rúlà pín in sí ojú mẹ́rin, ìsinmi kan, ojú kan. Mo fi báírò aláwọ̀ búlúù kọ àwọn tó pọndandan, mo fi dúdú kọ àwọn tí mo yàn. Pẹ́ńsùlù ni mo fi kọ ohun tó bá ń ṣe mí níyèméjì. Ohun kan ṣoṣo ni mo fi pẹ́ńsùlù kọ: kẹ́místírì ìpele kejì. Ìwé ìlànà ní ó pọndandan. Ṣùgbọ́n ìlà kan wà nísàlẹ̀ ojú ìwé náà, tí lẹ́tà rẹ̀ kéré bí ẹyin èèrà, tó ní ẹni tó bá ti ṣe irú rẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ lè fò ó. Èmi ti ṣe kẹ́místírì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ṣé irú èyí ni? Mi ò mọ̀. Mo fi àmì ìbéèrè sí i. Mo ní màá bi olùdámọ̀ràn wa, torí iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn: kó yẹ ètò kálukú wò, kó tọ́ wa sọ́nà, kó tó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù.

Mo tò sórí ìlà. Nígbà tó kàn mí, ọkùnrin onígíláàsì tó wà lẹ́yìn tábìlì gbójú sókè, ó wò mí, àga rẹ̀ sì ṣubú sẹ́yìn gbàgà.

"Tíṣà!"

Kí n tó mọ̀ ọ́n, ó ti na gbọọrọ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀wù funfun. Ọmọ Ìkòyí-Ilé ni. Nígbà tí mi ò tíì lọ́kọ, tí mo ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ìlú àgbẹ̀ yẹn, èmi ni mo di ọwọ́ rẹ̀ mú tó fi kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀. Òun ló wá di olùdámọ̀ràn wa yìí.

"Dìde, dìde, ẹ̀wù rẹ."

"Ẹ̀wù wo, Tíṣà? Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní A, B, D! Ta ló ní kí ẹ tò?"

Ìlà ẹ̀yìn mi ti ń pariwo. Obìnrin kan tó ń ta aṣọ fún wa ní àkókò ìsinmi, tóun náà jẹ́ tíṣà, pàtẹ́wọ́. "Ẹ wo ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́! Ọmọ àmúyangàn! Ìyá, ẹ ti jèrè iṣẹ́ yín."

Mo tẹ́ kàlẹ́ńdà mi àti fọ́ọ̀mù síwájú rẹ̀. Mo fi ìka sí ibi tí mo fi pẹ́ńsùlù kọ. "Bá mi wo ibí yìí. Kẹ́místírì yìí, ṣé kí n ṣe é ni, àbí kí n fò ó?"

Kò wo ibẹ̀. Ojú mi ló ń wò, ó ń rẹ́rìn-ín. "Tíṣà, kí lẹ ń bi mí sí? Ẹni tó kọ́ mi ni màá tún jókòó máa kọ́? Ibi tí ẹ bá fẹ́ kó gbà ló máa gbà."

Ó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù mi.

Nǹkan tó ń bí mi nínú jù nìyí, mo sì ní láti jẹ́wọ́ rẹ̀. Mo lè tún un bi. Ẹnu mi ò dí. Ṣùgbọ́n orí mi ti wú. Ojú gbogbo ìlà ló wà lára mi, wọ́n ń kan sáárá sí mi. Ṣé èmi tí wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún ni màá tún máa bẹ̀bẹ̀ pé kí ọmọ tí mo kọ́ ṣàlàyé kẹ́místírì fún mi? Mo fi rọ́bà pa àmì ìbéèrè náà rẹ́, mo fagi lé kẹ́místírì, mo gbé báàgì mi. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi àgbà wà lọ́jà, orí ara mi ló wọ́.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe é lọ́dún kejì, bẹ́ẹ̀ la ṣe é lọ́dún kẹta àti ìkẹrin. Á ní kí wọ́n pè mí kúrò lórí ìlà, á ra mínírà fún mi, á bi mí léèrè àwọn ọmọ. Á fọwọ́ sí i. Kò kà á rí.

Kó tó di ìsinmi kẹta, mo ti gba àwọn ọmọ kan ní kíláàsì àgbà kìíní. Ẹ wò ó, mo ti kọ́ ọmọ púpọ̀, ṣùgbọ́n tàwọn yìí yàtọ̀. Àwa la jọ gbin ọgbà sẹ́yìn kíláàsì. Mo kó wọn lọ sóko ní Ìkòyí-Ilé, a mú kòkòrò, a mú ọ̀pọ̀lọ́, a là á, wọ́n fi ojú ara wọn rí ọkàn tó ń sọ kúlúkúlú. Mo ṣèlérí fún wọn pé èmi ni màá mú wọn dé ẹnu ọ̀nà ìdánwò àṣekágbá. Bí mo bá parí ìsinmi kẹrin, tí mo gba dìgírì, màá bá wọn wọ kíláàsì tó kẹ́yìn. Bí mi ò bá gbà á, wọn á gbà wọ́n lọ́wọ́ mi. Ohun tí mo ń lé nìyẹn. N ò lé oyè kankan.

Ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn nínú ìsinmi kẹrin, mo lọ sọ́dọ̀ akọ̀wé tó ń tọ́jú èsì. Ọkùnrin kúkúrú kan ni, tí kì í gbójú sókè bó bá ń sọ̀rọ̀.

"Màmá, kọ́ọ̀sì kan ṣẹ́ kù."

"Èwo?"

"Kẹ́místírì ìpele kejì."

"Mo ti ṣe irú rẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì."

"Èyí tí ẹ ṣe kì í ṣe irú rẹ̀. Ìpele kìíní nìyẹn. Èyí ló sì ń ṣílẹ̀kùn fún àwọn kọ́ọ̀sì kẹ́místírì ara ohun alààyè tí ẹ ṣe lọ́dún kẹta."

"Ṣé mi ò yege nínú wọn ni?"

"Ẹ yege, mà. Ẹni tó gba ojú fèrèsé wọlé náà ti wọlé. Wọn ò kàn ní í kí i káàbọ̀ ni."

Mo bi í ìgbà tí wọn yóò tún kọ́ni ní kọ́ọ̀sì náà. Ó ṣí ìwé. Wọ́n ti fi í kọ́ni ní ìsinmi kìíní, wọ́n tún fi í kọ́ni ní ìkẹta, ibi tí mo jókòó sí nígbà náà ò ju yàrá méjì sí i lọ. Ìsinmi karùn-ún ló kù. Ọdún kan gbáko.

Mi ò sunkún. Mo kó fọ́ọ̀mù mi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo gba ọ̀dọ̀ ọmọ tí mo kọ́ lọ. Bó ṣe rí mi, ó ti ń tẹ̀ wálẹ̀.

"Má dọ̀bálẹ̀!"

Ó dúró sáàárín, ọwọ́ kan nílẹ̀, ọwọ́ kan lókè, bí ẹni tí làkúrègbé mú. Nígbà mìíràn, ìbá pa mí lẹ́rìn-ín.

"Jókòó. Ka àwọn ìwé yìí. Kà wọ́n sókè, bí o ṣe ń kà fún mi ní Ìkòyí."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ó ka ti ọdún kìíní, ó ka ìkejì, ohùn rẹ̀ ń wálẹ̀. Nígbà tó dé àwọn kọ́ọ̀sì ọdún kẹta, ó padà sí fọ́ọ̀mù kìíní, ó wá kẹ́místírì lókè, ó wá a nísàlẹ̀. Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀.

"Tíṣà..."

"Ṣé mo bi ọ́ àbí mi ò bi ọ́?"

"Ẹ bi mí, mà."

"Kí lo sọ?"

"Mo ní ibi tí ẹ bá fẹ́ kó gbà."

"Ṣé ibi tí mo fẹ́ kó gbà nìyí?"

Ó to àwọn fọ́ọ̀mù náà jọ. "Ẹ̀rù ló bà mí, Tíṣà. Bí mo bá yẹ ẹ́ wò, tí mo rí àṣìṣe níbẹ̀, kí ni mo fẹ́ ṣe sí i? Báwo ni màá ṣe fi báírò pupa sí iṣẹ́ yín?"

"Báírò pupa! Mélòó nínú iṣẹ́ tìẹ ni mi ò fi báírò pupa sí? Ṣé o kú ni? Ṣebí òun ló sọ ọ́ di ẹni tó ń jókòó lórí àga yìí!"

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Màá lọ bá ọ̀gá wa. Màá dọ̀bálẹ̀ fún wọn, kí wọ́n fojú fò ó."

"Ìdọ̀bálẹ̀ ló gbé wa débí," ni mo wí, mo sì jáde.

Táàmù tuntun bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fún àgùnbánirọ̀ kan ní àwọn ọmọ mi, wọ́n sọ èmi sí kíláàsì kékeré. Ọmọlúwàbí ni àgùnbánirọ̀ náà, mi ò bá a jà, ṣùgbọ́n kò la ọ̀pọ̀lọ́ rí. Láti kíláàsì mi, mo máa ń gbọ́ ọ lódìkejì pápá, ó ń pe ìwé fún wọn, wọ́n ń kọ: ọkàn ọ̀pọ̀lọ́ ní yàrá mẹ́ta, kómà. Koríko gba ọgbà wa. Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin kan nínú wọn wá bá mi lábẹ́ igi máńgòrò, ó kúnlẹ̀.

"Mà, ṣé a ṣẹ̀ yín ni?"

Kí ni kí n sọ fún un? Ṣé kí n sọ pé wọ́n bọ̀wọ̀ fún mi jù ni? Mo ní kó dìde, kó lọ kàwé rẹ̀. Wọ́n ṣe ìdánwò wọn láìsí mi.

Ìsinmi karùn-ún dé. Mo tún wọ mọ́tò lọ sí Ọ̀yọ́, mo tún tò sórí ìlà, mi ò gbà kí ẹnikẹ́ni pè mí síwájú. Nígbà tó kàn mí, ọmọ tí mo kọ́ fẹ́ dìde, ó rí ojú mi, ó padà jókòó. Ó gba fọ́ọ̀mù náà. Ó kà á láti òkè délẹ̀. Ó ṣí ìwé ìlànà tirẹ̀, ó wò ó. Ó wá fa báírò pupa yọ.

"Tíṣà, ẹ ṣi nọ́ńbà kọ́ọ̀sì yìí kọ. Ti àtijọ́ lẹ kọ, wọ́n ti yí i padà." Ó fi pupa fagi lé e. "Ẹ lọ tún un kọ wá, mà."

Ariwo sọ lórí ìlà. Obìnrin aláṣọ ọjọ́sí ló sì kọ́kọ́ la ẹnu. "Ha! Ìyá àgbà lo ń sọ fún pé kó lọ tún un kọ? Ọmọ yìí ò lẹ́kọ̀ọ́ rárá! Ayé ti bàjẹ́!"

Mo yíjú sí i. "Ẹ fi í sílẹ̀, jàre. Ọjọ́ tí ẹ̀yin pè é ní ọmọ àmúyangàn ni mo pàdánù kíláàsì mi."

Mo tún nọ́ńbà náà kọ lórí ìdúró, lára ògiri. Mo gbé e padà fún un. Ó tún kà á lẹ́ẹ̀kan sí i, látòkè délẹ̀, kó tó fọwọ́ sí i, ó sì pe ẹni tó kàn. Kò kí mi. Inú mi kò rọ̀ sí i, kò tíì rọ̀ títí dòní. Ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù náà pé.